Ìdúróṣinṣin àwọ̀ nínú yíyí fáìlì RAW padà

Ìdúróṣinṣin àwọ̀ nínú yíyí fáìlì RAW padà ni ìlànà tí àwọn ayàwòrán àti àwọn òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé ń tẹ̀lé kí àwọ̀ tí kámẹ́rà gbà má bàa yẹ̀ nígbà tí a bá sọ fáìlì náà di JPEG, TIFF, PNG tàbí irú fáìlì mìíràn. Ó jẹ́ ẹ̀ka kan nínú iṣẹ́ tí a ń pè ní ìṣàkóso àwọ̀. Kókó rẹ̀ ni pé nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà ń tọ́jú, nọ́ńbà kò sì tíì di àwọ̀ àfi bí a bá mọ òṣùwọ̀n tí a fi ń kà á. Bí òṣùwọ̀n náà bá sọnù lójú ọ̀nà, àwọ̀ yóò yí padà bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fọwọ́ kan nọ́ńbà kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì ní àdúgbò tí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́, ìpolówó àti ìtẹ̀wé bá ti pàdé ara wọn. Orẹ́gùn, ní Ìkẹjà, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, jẹ́ irú àdúgbò bẹ́ẹ̀: ó wà lára àwọn agbègbè ilé-iṣẹ́ tó yí Ìkẹjà ká títí dé ọ̀nà Agége. Àwòrán ọjà kan ṣoṣo tí a yà níbẹ̀ lè fara hàn lára páálí, lára pátákó ìpolówó ẹ̀bá títì, nínú ìwé ìròyìn àti lójú fóònù oníbàárà. Níbi tí ayédèrú ọjà bá wà, àwọ̀ páálí jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí oníbàárà fi ń dá ojúlówó mọ̀. Nítorí náà, páálí oògùn tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì lọ́wọ́ ìtẹ̀wé lè mú kí ẹni tó fẹ́ rà á kọ ojúlówó sílẹ̀.

## Ohun tí fáìlì RAW jẹ́

Fáìlì RAW ni àkọsílẹ̀ ohun tí sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà rí kí a tó sọ ọ́ di àwòrán. Sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ kò mọ àwọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó ni ó ń wọ̀n. Kí ó lè ya àwọ̀ sọ́tọ̀, a máa ń fi asẹ́ tíntìntín bo píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan: òmíràn pupa, òmíràn aláwọ̀ ewé, òmíràn aláwọ̀ aró. Ètò asẹ́ tó gbajúmọ̀ jù lọ ni ti Bryce Bayer, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilé-iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà, ẹni tó gba ìwé ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ fún un ní ọdún 1976. Nínú ètò yìí, ìdajì asẹ́ jẹ́ aláwọ̀ ewé, ìdá kan nínú mẹ́rin jẹ́ pupa, ìdá kan nínú mẹ́rin sì jẹ́ aláwọ̀ aró. Ìdí tí ti ewé fi pọ̀ jù ni pé ojú ènìyàn a máa rí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé ju àwọn yòókù lọ.

Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì RAW ní iye kan ṣoṣo. Ètò kọ̀ǹpútà ni yóò fi iye àwọn aládùúgbò rẹ̀ ṣe ìṣirò méjì tó kù, kí àwọ̀ tó pé. Fáìlì RAW máa ń tọ́jú iye náà ní bit 12 tàbí 14, èyí tí í ṣe ìpele 4,096 tàbí 16,384 láti òkùnkùn dé ìmọ́lẹ̀. JPEG, tí ó di ìlànà àgbáyé ní ọdún 1992, máa ń tọ́jú rẹ̀ ní bit 8, ìyẹn ìpele 256 péré. A lè fi RAW wé ẹ̀gẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wà: gàrí, fùfú àti láfún lè ti inú rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ẹni tó ti yan gàrí tán kò lè sọ ọ́ padà di ẹ̀gẹ́.

Ilé-iṣẹ́ kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ló ní irú RAW tirẹ̀. Canon ń lo CR2 àti CR3, Nikon ń lo NEF, Sony sì ń lo ARW. Ní ọdún 2004, ilé-iṣẹ́ Adobe gbé DNG jáde gẹ́gẹ́ bí irú RAW tí ìlànà rẹ̀ wà ní gbangba fún gbogbo ènìyàn.

## Ìdí tí àwọ̀ fi ń yàtọ̀ láti ètò dé ètò

Ọ̀pọ̀ ayàwòrán máa ń rí i pé àwòrán tó dùn ún wò lẹ́yìn kámẹ́rà yí padà ní kété tí wọ́n ṣí i lórí kọ̀ǹpútà. Fáìlì kò bàjẹ́. Ohun tí a ń rí lẹ́yìn kámẹ́rà jẹ́ JPEG kékeré kan tí kámẹ́rà ti ṣe tẹ́lẹ̀ tó sì fi pamọ́ sínú RAW. Ẹni tó ṣe kámẹ́rà ló pinnu bí pupa yóò ṣe rin tó àti bí òjìji yóò ṣe ṣú tó nínú rẹ̀. Nígbà tí Lightroom, Capture One, darktable tàbí RawTherapee bá ṣí fáìlì náà, kò lo ìpinnu yẹn dandan. Ìṣirò tirẹ̀ ni ó ń ṣe. Ètò dcraw, tí Dave Coffin bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1997, wà lára àwọn tó jẹ́ kí a lè ka RAW ọ̀pọ̀lọpọ̀ kámẹ́rà láìlo ètò tí ilé-iṣẹ́ kámẹ́rà ṣe.

Nítorí náà, kò sí èyí tí a lè pè ní àwọ̀ tòótọ́ fáìlì RAW kí a tó ṣe é. Ìpinnu ni àwọ̀ náà. Ohun tí ìṣàkóso àwọ̀ ń ṣe ni láti rí i pé bí a bá ti ṣe ìpinnu náà lẹ́ẹ̀kan, a kò ní pàdánù rẹ̀ ní àwọn ìpele tó kù.

## Nọ́ńbà àti òṣùwọ̀n rẹ̀

Nínú àwòrán tí a ti ṣe tán, nọ́ńbà mẹ́ta ni a fi ń kọ àwọ̀ píksẹ́lì kan: ti pupa, ti ewé àti ti aró. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nọ́ńbà mẹ́ta kan náà lè dúró fún àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó jọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a kọ láìfi àmì ohùn sí i. Ẹni tó rí lẹ́tà i-g-b-a kò lè mọ̀ bóyá *igba* tí í ṣe iye ni, tàbí *igbá* tí a fi ń bu omi, tàbí *ìgbà* tí í ṣe àkókò, tàbí *ìgbá* tí í ṣe èso. Lẹ́tà kò yí padà. Àmì ohùn ni ó sọ ìtumọ̀.

Àmì ohùn àwòrán ni a ń pè ní pírófáìlì ICC. International Color Consortium, ẹgbẹ́ tí ilé-iṣẹ́ mẹ́jọ dá sílẹ̀ ní ọdún 1993, tí Adobe, Apple, Kodak àti Microsoft wà lára wọn, ni ó ń tọ́jú ìlànà rẹ̀. Pírófáìlì máa ń so nọ́ńbà inú fáìlì pọ̀ mọ́ òṣùwọ̀n kan tí kò gbára lé ẹ̀rọ kankan. Òṣùwọ̀n yìí ti inú ìwádìí tí àjọ CIE gbé jáde ní ọdún 1931 nípa bí ojú ènìyàn ṣe ń rí àwọ̀ wá.

Àpẹẹrẹ kan yóò fi hàn. Pupa tó rin jù lọ nínú àyè àwọ̀ sRGB ni 255, 0, 0. Pupa yìí gan-an, láìyẹ̀, ni a ń kọ gẹ́gẹ́ bí 219, 0, 0 nínú Adobe RGB. Bí fáìlì Adobe RGB bá pàdánù pírófáìlì rẹ̀, ètò tó ṣí i yóò gbà pé sRGB ni. Yóò ka 219 bí ẹni pé ti sRGB ni, pupa náà yóò sì ṣá. Bákan náà ni àwọ̀ ewé tí a ń kọ ní 0, 255, 0 nínú sRGB ń jẹ́ 144, 255, 60 nínú Adobe RGB.

## Àwọn àyè àwọ̀ tó wọ́pọ̀

Àyè àwọ̀ ni gbogbo àwọ̀ tí òṣùwọ̀n kan lè kọ sílẹ̀. Àwọn tí a máa ń bá pàdé jù nìyí:

- sRGB: HP àti Microsoft dábàá rẹ̀ ní ọdún 1996, ó sì di ìlànà àgbáyé ní ọdún 1999. Òun ni a ń lò fún íntánẹ́ẹ̀tì àti ọ̀pọ̀ fóònù. Kò fẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó wà níbi gbogbo.
- Adobe RGB: Ó jáde ní ọdún 1998. Ó fẹ̀ ju sRGB lọ, pàápàá ní ìhà àwọ̀ ewé àti àwọ̀ tó wà láàárín ewé àti aró, nítorí kí ó lè gba ọ̀pọ̀ àwọ̀ tí tàdáwà ìtẹ̀wé lè tẹ̀.
- Display P3: Apple ń lò ó fún ojú fóònù àti kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó fẹ̀ ju sRGB lọ ní ìhà pupa àti ewé.
- ProPhoto RGB: Kodak ló ṣe é. Ó fẹ̀ débi pé àwọn nọ́ńbà kan nínú rẹ̀ kò bá àwọ̀ kankan tí ojú lè rí mu. Nítorí bí ó ti fẹ̀ tó, bit 16 ni ó yẹ kí a máa lò fún un, kí ìpele àwọ̀ má bàa já síra wọn bí àtẹ̀gùn.
- CMYK: Èyí ni ti ìtẹ̀wé, níbi tí tàdáwà cyan, magenta, yellow àti dúdú ti ń dàpọ̀ lórí bébà. Kò sí CMYK kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ, tàdáwà àti bébà kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀.

## Yíyí òṣùwọ̀n padà àti fífi òṣùwọ̀n lé

Iṣẹ́ méjì wà tí orúkọ wọn sún mọ́ra, ṣùgbọ́n tí àbájáde wọn takora. Àṣìṣe láàárín wọn wà lára ohun tó ń ba àwọ̀ jẹ́ jù lọ.

Nínú yíyí òṣùwọ̀n padà, nọ́ńbà ni ó ń yí kí àwọ̀ lè dúró. Bí a bá yí fáìlì láti Adobe RGB sí sRGB, 219 yóò di 255, pupa yóò sì wà bí ó ti wà. Nínú fífi òṣùwọ̀n lé, nọ́ńbà ni ó ń dúró, tí àwọ̀ sì ń yí. Ó dà bí ẹni tó ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kọ láìfi àmì sí: bí ó bá mọ ohun tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn, ó ṣe àtúnṣe, bí kò bá mọ̀ ọ́n, ó sọ igbá di ìgbà. Fún ìdí èyí, fífi òṣùwọ̀n lé tọ́ kìkì nígbà tí fáìlì kò bá ní pírófáìlì, tí a sì mọ ibi tí ó ti wá dájú.

Nígbà tí a bá ń yí láti àyè tó fẹ̀ sí èyí tó kéré, àwọn àwọ̀ kan kò ní ríbi dúró. A lè ki àwọn tó yọ síta mọ́ etí àyè tuntun, kí a sì fi àwọn tó kù sílẹ̀ bí wọ́n ti wà. A sì lè fún gbogbo àwọ̀ pọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ìbáṣepọ̀ wọn má bàa bàjẹ́. Ọ̀nà kìíní dára fún àwọ̀ àmì ìdánimọ̀ ilé-iṣẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Èkejì sábà máa ń bá àwòrán tó kún fún àwọ̀ rírin mu, bí i ọjà èso tàbí agbo ijó.

## Láti ibi iṣẹ́ ayàwòrán dé ilé ìtẹ̀wé

Ní Èkó, iṣẹ́ kan sábà máa ń gba ọwọ́ púpọ̀. A lè ya ọjà ilé-iṣẹ́ kan ní Orẹ́gùn, kí ayàwòrán ṣe RAW rẹ̀ nílé, kí ẹni tó ń to páálí gbà á ní Ìkẹjà, kí ó sì di títẹ̀ ní Ṣómólú, àdúgbò tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti gbilẹ̀ jù ní Èkó. Ní ìkáwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni òṣùwọ̀n ti lè sọnù.

Ìmọ́lẹ̀ ni ìkáwọ́ àkọ́kọ́. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà ní nǹkan bí 5,500 kelvin. Ti gílóòbù onírin tó ń gbóná wà ní nǹkan bí 3,000, ó sì máa ń fa àwọ̀ sí pupa rúsúrúsú. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, tí a tan jẹnẹrétọ̀, tí gílóòbù mìíràn sì gbapò, àwọn àwòrán ọjà kan náà kò ní bára mu mọ́. Àǹfààní RAW hàn níbí: ohun tí a kà sí funfun jẹ́ àkọsílẹ̀ lásán nínú rẹ̀, a sì lè tún un ṣe lẹ́yìn náà. Nínú JPEG, ó ti wọnú àwòrán. Ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé bá dàpọ̀ mọ́ ti gílóòbù nínú àwòrán kan ṣoṣo, RAW pàápàá kò lè fi àtúnṣe kan yanjú méjèèjì.

Ìkáwọ́ kejì ni ojú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà tí a kò fi ẹ̀rọ ìwọ̀n àwọ̀ tún ṣe lè máa ṣe aró jù. Ẹni tó bá ń lò ó yóò fi pupa kún àwòrán láti mú un dọ́gba, àṣìṣe ojú ẹ̀rọ yóò sì di àṣìṣe inú fáìlì.

Ìkáwọ́ kẹta ni ìfiránṣẹ́. WhatsApp máa ń fún àwòrán tí a fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fọ́tò pọ̀, a sì máa ń pàdánù àkọsílẹ̀ inú rẹ̀. Bí a bá fi fáìlì kan náà ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document, yóò dé bí ó ti kúrò.

Ìkáwọ́ ìkẹyìn ni tàdáwà. Tàdáwà kò lè ṣe gbogbo àwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ lè ṣe. Aró tó rin máa ń di elésè àlùkò, ewé tó ń tàn a máa ṣá, àwọ̀ ọsàn a sì dọ̀tí. Nítorí náà ni àjọ FOGRA ti Jámánì fi ṣe àkọsílẹ̀ bí i FOGRA39, tó bá ìlànà àgbáyé ISO 12647-2 mu, fún ìtẹ̀wé lórí bébà dídán. Ẹni tó mọ pírófáìlì tí ilé ìtẹ̀wé ń lò lè wo bí àwọ̀ yóò ṣe rí lójú kọ̀ǹpútà kí a tó da tàdáwà sí i. Ẹni tó yí àwòrán sí CMYK láìbéèrè ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́.

## Aró, aṣọ òkè àti àwọ̀ ara

Àwọn ohun kan nira fún kámẹ́rà ju àwọn mìíràn lọ, púpọ̀ nínú wọn sì wà nínú ìgbé ayé Yorùbá. Àdìrẹ tí a fi aró pa, bí i ti Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, máa ń dá ìmọ́lẹ̀ tó wà ní ìkángun pupa padà, èyí tí ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí. Bí asẹ́ kámẹ́rà bá jẹ́ kí irú ìmọ́lẹ̀ yìí wọlé, aró yóò fẹ́ jọ elésè àlùkò nínú àwòrán. Àtúnṣe funfun nìkan kò lè mú un kúrò. Pírófáìlì tí a ṣe fún kámẹ́rà náà lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ náà ni ó lè dín in kù.

Aṣọ òkè ní ìṣòro tirẹ̀. Àlàárì tó pupa gan-an lè kún iye pupa dé 255 nígbà tí a bá yí i sí sRGB. Bí ó bá ti kún, fọ́nrán kò ní yàtọ̀ sí fọ́nrán mọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ahunṣọ yóò sì di àbàwọ́n pupa kan. Bí a bá ṣe é ní àyè tó fẹ̀ ní bit 16, tí a sì rọra dín rírin pupa náà kù kí a tó yí i, àwọn fọ́nrán náà yóò hàn.

Àwọ̀ ara ni ìtàn rẹ̀ gùn jù. Ní ayé fíìmù, Kodak máa ń pín káàdì fún àwọn ilé ìfọ-fọ́tò láti fi tún ẹ̀rọ wọn ṣe. Àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí káàdì náà, wọ́n sì ń pè é ní Shirley. Àwọ̀ ara rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, àwọn adúláwọ̀ sì sábà máa ń ṣú jù lórí fọ́tò. Ní àwọn ọdún 1990 ni Kodak gbé káàdì tó ní obìnrin aláwọ̀ oríṣiríṣi jáde. Ní ọdún 2021, Google gbé ètò Real Tone jáde pẹ̀lú fóònù Pixel 6, kí kámẹ́rà fóònù náà lè ya adúláwọ̀ bí wọ́n ti rí. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kan iṣẹ́ RAW náà: ohun tí ètò kan gbé kalẹ̀ láìbéèrè kì í ṣe òdodo, ìpinnu ẹnì kan ni.

## Ìlànà iṣẹ́

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán ń tẹ̀lé nìyí:

1. Ya káàdì aláwọ̀ kan pẹ̀lú ọjà lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. ColorChecker, tó ti wà láti ọdún 1976, ní àwọ̀ 24. Àwọ̀ ara dúdú ni àkọ́kọ́ nínú wọn, eérú oríṣi mẹ́fà láti funfun dé dúdú ló sì wà ní ìlà ìsàlẹ̀.
2. Fi eérú inú káàdì náà pinnu funfun, kí o sì lo ìpinnu kan náà fún gbogbo àwòrán tí a yà lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ náà.
3. Lo ètò kan ṣoṣo àti pírófáìlì kámẹ́rà kan ṣoṣo fún gbogbo iṣẹ́ oníbàárà kan.
4. Fi ẹ̀rọ ìwọ̀n àwọ̀ tún ojú kọ̀ǹpútà ṣe lóòrèkóòrè.
5. Ṣe iṣẹ́ ní bit 16 nínú àyè tó fẹ̀, kí o sì tọ́jú TIFF rẹ̀ pẹ̀lú RAW.
6. Láti inú TIFF yìí ni kí o ti ṣe ẹ̀dà fún ibi kọ̀ọ̀kan: sRGB fún íntánẹ́ẹ̀tì, CMYK ilé ìtẹ̀wé fún páálí. Má ṣe fi ẹ̀dà kan ṣe òmíràn.
7. Rí i pé pírófáìlì wà nínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan kí ó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ.
8. Béèrè fún ẹ̀dà àyẹ̀wò lórí bébà gidi, kí o sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà náà lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán.

## Ààlà

Ìṣàkóso àwọ̀ kò lè ṣe ohun gbogbo. Aṣọ méjì lè jọra nínú oòrùn kí wọ́n yàtọ̀ lábẹ́ gílóòbù, kò sì sí pírófáìlì tó lè yí ìyẹn padà. Kò sì sí ẹni tó lè pàṣẹ fún ojú fóònù oníbàárà. Ohun tí a lè ṣe kò ju kí fáìlì tó kúrò lọ́wọ́ ẹni pé.

Èdè pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Pupa, dúdú àti funfun ni orúkọ àwọ̀ ìpìlẹ̀ mẹ́ta nínú èdè Yorùbá. Pupa lè kárí ẹ̀jẹ̀, epo àti ènìyàn tí ara rẹ̀ mọ́. Dúdú lè kárí èédú, ẹtù àti igbó tó kún. Bí oníbàárà bá sọ pé òun fẹ́ kí páálí òun pupa sí i, ọ̀rọ̀ náà kò tíì tó fún ẹni tó ń da tàdáwà. Fún ìdí èyí, àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí máa ń fi àpẹẹrẹ tí a lè fọwọ́ kàn ṣe àdéhùn: páálí àtijọ́ kan, gígé aṣọ kan, tàbí nọ́ńbà inú ìwé àwọ̀ Pantone, ètò tó ti wà láti ọdún 1963. Bí kò bá sí èyí, nọ́ńbà pẹ̀lú pírófáìlì rẹ̀ ló kù. Nọ́ńbà láìsí pírófáìlì kò tó àdéhùn.